Bí Ásíìdì àti Álíkálì Ṣe Tú Àṣírí Oògùn Inú Ewéko

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ohun tí àwọn onímọ̀ kẹ́místrì ilẹ̀ Yúróòpù mọ̀ mọ ewéko ni ásíìdì, irú èyí tó ń kan wá lẹ́nu nínú ọsàn. Wọ́n mọ̀ pé eérú igi ní álíkálì, ìyẹn ohun tó ń pa kíkan ásíìdì, gẹ́gẹ́ bí àwọn tó ń se ọṣẹ dúdú ṣe mọ̀ ọ́n nílẹ̀ wa, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò retí pé ewéko tí iná kò tíì kàn lè ní álíkálì tirẹ̀.

Friedrich Sertürner, ọ̀dọ́ apoògùn kan ní Paderborn ní Jámánì, ló tú àṣírí náà. Ní nǹkan bí ọdún 1804, ó ń wá ohun tó ń múni sùn nínú ópíọ́ọ̀mù, oje gbígbẹ tí wọ́n ń fà lára èso pópì. Ásíìdì kan ló kọ́kọ́ bá pàdé, àmọ́ oorun kò sí lọ́wọ́ ìyẹn. Nígbà tó wá da amóníà, tí òun náà jẹ́ álíkálì, sínú omi tó ti rẹ ópíọ́ọ̀mù sí, nǹkan kan yọ kúrò nínú omi náà, ó sì di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Ekukáká ni nǹkan yìí fi ń yòrò nínú omi lásán. Bí ó bá kan ásíìdì, kíá ló ń yòrò, tí ásíìdì náà yóò sì pàdánù kíkan rẹ̀, nítorí pé àwọn méjèèjì ti para pọ̀ di iyọ̀. Ibi tí mo ka sí orísun gbogbo ìmọ̀ yìí nìyẹn: ásíìdì ló ń mú un wọnú omi, álíkálì ló ń lé e jáde.

Sertürner àti ọ̀dọ́kùnrin mẹ́ta gbé oògùn náà mì láti dán an wò, ó sì wọ̀ wọ́n lára débi pé ó ní láti fún wọn ní fínígà líle mu kí wọ́n lè bì í. Ìwé tó kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀ kò rí ẹni kà á sí. Èyí tó tẹ̀ jáde ní 1817 ni Gay-Lussac, onímọ̀ kẹ́místrì ará Faransé, mú kí wọ́n túmọ̀ sí èdè Faransé, tí oògùn náà, tí à ń pè ní mọfíìnì, fi di ohun tí ayé gbọ́. Ní 1819, apoògùn mìíràn ní Jámánì, Meissner, sọ ìdílé àwọn nǹkan wọ̀nyí ní álíkálọ́ìdì, ìyẹn ohun tó jọ álíkálì.

Ní 1820, Pelletier àti Caventou, apoògùn méjì ní Paris, fa kuiníìnì, álíkálọ́ìdì tó ń wo ibà, jáde láti inú èèpo igi sinkónà tó ń ti Gúúsù Amẹ́ríkà wá. Ṣáájú èyí, èèpo náà ni wọ́n ń lọ̀ fún aláìsàn ibà, agbára rẹ̀ kì í sì í dọ́gba láti igi kan sí èkejì. Iyọ̀ tí kuiníìnì bá ásíìdì súlfúrì ṣe ṣeé wọ̀n lórí òṣùwọ̀n, ó sì ṣeé dì sínú ìgò.

Irú oògùn yìí ni Baikie, dókítà tó ṣáájú ìrìnàjò náà, ń fún àwọn òyìnbó inú ọkọ̀ Pleiad lójoojúmọ́ nígbà tí wọ́n wa ọkọ̀ gòkè lórí Odò Ọya ní 1854. Àjàyí Crowther wà pẹ̀lú wọn. Ó ti wà nínú ìrìnàjò ti 1841 lórí odò kan náà, níbi tí ibà ti pa ọ̀pọ̀ òyìnbó. Lọ́tẹ̀ yìí, ibà kò pa ẹyọ ẹnì kan nínú wọn.