Ọ̀nà NADECO àti ìjà orúkọ òpópónà láàárín Nàìjíríà àti Amẹ́ríkà

Ọ̀nà NADECO, tí wọ́n fi orúkọ ẹgbẹ́ National Democratic Coalition tó ń jà fún ìjọba àwa-ara-wa pè, ni orúkọ tí àwọn èèyàn sọ àwọn ọ̀nà ẹ̀yìn tí àwọn alátakò ìjọba ológun Ọ̀gágun Sani Abacha gbà sá kúrò ní Nàìjíríà wọ Orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ láti ọdún 1994 títí Abacha fi kú ní 1998. Kì í ṣe ojú ọ̀nà kan ṣoṣo. Púpọ̀ nínú wọn forí lé Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo, olú-ìlú Bẹ̀nẹ̀, tàbí Kútọnu tó wà nítòsí rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wọkọ̀ òfuurufú lọ sí Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Bí àwọn ilẹ̀ òkèèrè ṣe gba àwọn asásálà yìí tọwọ́tẹsẹ̀, tí wọ́n sì bu ọlá fún wọn àti fún ohun tí wọ́n ń jà fún, dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn ìjọba, débi pé orúkọ òpópónà di ohun ìjà.

Ìpilẹ̀ṣẹ̀

Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 1993, Olóyè M.K.O. Abíọ́lá ló léwájú nínú ìdìbò ààrẹ Nàìjíríà, ṣùgbọ́n ìjọba Ọ̀gágun Ibrahim Babangida fagi lé e lọ́jọ́ 23 oṣù kan náà. Abacha gbàjọba ní oṣù kọkànlá. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1994, wọ́n dá ẹgbẹ́ NADECO sílẹ̀ láti béèrè ẹ̀tọ́ Abíọ́lá. Nígbà tó di ọjọ́ 11 oṣù kẹfà, Abíọ́lá kéde ara rẹ̀ ní ààrẹ ní Ẹ̀pẹ̀tẹ̀dó l'Ékòó. Kí oṣù náà tó parí, ó ti dèrò àtìmọ́lé.

Wọlé Ṣóyinká, tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1986, gun ọ̀kadà gba inú igbó wọ Bẹ̀nẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 1994, lẹ́yìn tí wọ́n ti gba ìwé ìrìnnà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni ọgọ́ta ọdún ni nígbà náà. Bọ́lá Tinúbú, tó ti ṣe sẹ́nétọ̀ kí àwọn ológun tó tú ilé aṣòfin ká, gba Bẹ̀nẹ̀ kọjá pẹ̀lú. Olóyè Anthony Enahoro kúrò nílùú ní 1996. Ìgbà kejì tí òun á sá lọ nìyẹn: ní 1962 ó gba Gánà lọ sí Ìlú Ọba, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì dá a padà fún Nàìjíríà ní 1963 kí wọ́n lè bá a ṣẹjọ́.

Ìdí tó fi jẹ́ Bẹ̀nẹ̀

Ààlà tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fohùn ṣọ̀kan lé lórí ní ọdún 1889 ló gba àárín ilẹ̀ Kétu kọjá: Ìmẹ̀kọ bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, Kétu fúnra rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ Faransé. Ẹbí kò tìtorí ìyẹn pín. Ẹni tó bá ti Ìmẹ̀kọ dé Kétu ṣì ń gbọ́ Yorùbá létí, ó ṣì lè rí ìbátan tí yóò gbé omi fún un. Òwò, ìgbéyàwó àti ọdún ìbílẹ̀ ló la àwọn ọ̀nà igbó wọ̀nyẹn, tipẹ́tipẹ́ kí NADECO tó dé. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, apá kejì ni àwọn èèyàn ń sá sí: àwọn ará Kétu àti Ọ̀họ̀rí ń bọ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nítorí pé Faransé ń fi tipátipá kó àwọn ọmọkùnrin wọn sógun.

Bẹ̀nẹ̀ fúnra rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ìjọba ológun ni. Àpérò gbogbogbòò oṣù kejì ọdún 1990 ní Kútọnu ló ṣílẹ̀kùn fún ìdìbò ọdún 1991 tí Nicéphore Soglo wọlé. Àdéhùn ọdún 1979 ti ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, sì fàyè gba ọmọ orílẹ̀-èdè kan láti wọ òmíràn fún 90 ọjọ́ láìgba físà.

Ohun tí òfin wí

Ní ọdún 1969, àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà fọwọ́ sí àdéhùn kan lórí ọ̀rọ̀ asásálà lábẹ́ OAU, àjọ ìṣọ̀kan Áfíríkà nígbà náà. Ó sọ ní kedere pé gbígba asásálà sílé kì í ṣe ìwà ọ̀tá sí orílẹ̀-èdè tó ti wá. Àmọ́ àdéhùn kan náà ní kí orílẹ̀-èdè tó gbà á má ṣe jẹ́ kó lo ìwé ìròyìn tàbí rédíò láti gbógun ti ìjọba ilé rẹ̀. Ìdajì kejì yìí ṣe pàtàkì. Bẹ̀nẹ̀ ń gba ẹni tó sá wá: lẹ́yìn tí wọ́n yẹgi fún Ken Saro-Wiwa, òǹkọ̀wé tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn Ogoni, ní ọjọ́ 10 oṣù kọkànlá ọdún 1995, ọ̀pọ̀ ọmọ Ogoni wá ibi ìsádi ní àgọ́ tó wà ní Comè. Ṣùgbọ́n orílẹ̀-èdè kékeré tí ọjà àti epo rẹ̀ gbára lé Nàìjíríà kò lè jẹ́ ibùjókòó fún ìpolongo lòdì sí Abuja. Àwọn tí ìjọba ń wá gan-an kì í sì í pẹ́ níbẹ̀, torí ẹni tó wà ní Àjàṣẹ́ kò tíì jìnnà sí Èkó rárá. Àwọn tó bu ọlá fún wọn ní gbangba ni àwọn tí ọwọ́ Abacha kò lè tó, ọ̀nà tí wọ́n sì gbà débẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ yọ nínú ìtàn. Ó yẹ kó jẹ yọ.

Kọ̀ọ́nà Kudirat Abíọ́lá

Wọ́n yìnbọn pa Kudirat, ìyàwó Abíọ́lá, l'Ékòó ní ọjọ́ 4 oṣù kẹfà ọdún 1996. Ní oṣù kẹta ọdún 1997, ìjọba Abacha fi ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ sí ìjọba kan Ṣóyinká, Enahoro àti àwọn mìíràn. Ní 1998, ìlú New York sọ igun òpópónà 44th Street àti Second Avenue, níbi tí ilé ìjọba Nàìjíríà wà, ní Kọ̀ọ́nà Kudirat Abíọ́lá. Ìjọba ológun gbẹ̀san. Wọ́n sọ Eleke Crescent ní Victoria Island, tó jẹ́ àdírẹ́sì ilé iṣẹ́ aṣojú ìjọba Amẹ́ríkà l'Ékòó, di Louis Farrakhan Crescent. Farrakhan ni olórí Nation of Islam, ẹgbẹ́ Mùsùlùmí àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, alátakò ìjọba Amẹ́ríkà, tó ti ṣèbẹ̀wò sí Nàìjíríà ní 1996. Èrò wọn ni pé lẹ́tà èyíkéyìí tó bá ń lọ síbẹ̀ á máa gbé orúkọ rẹ̀ rìn.

Ohun tí wọn kò kà sí ni pé Farrakhan ń gbé ilé rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní òmìnira, nígbà tí Kudirat ti wà nínú sàréè.

Abacha kú ní ọjọ́ 8 oṣù kẹfà ọdún 1998, Abíọ́lá náà sì kú sí àtìmọ́lé lọ́jọ́ 7 oṣù keje. Ṣóyinká padà wálé ní oṣù kẹwàá. Wọ́n yọ orúkọ Farrakhan, wọ́n sì fi ti Walter Carrington rọ́pò rẹ̀, aṣojú Amẹ́ríkà láti 1993 sí 1997 tó dúró ti àwọn tó ń jà fún ìjọba àwa-ara-wa.

Lẹ́yìn náà

Ọ̀rọ̀ sísá lọ sí Bẹ̀nẹ̀ tún jí ní ọjọ́ 19 oṣù keje ọdún 2021, nígbà tí wọ́n mú Sunday Adéyẹmọ, tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí Sunday Ìgbòho, ní pápákọ̀ òfuurufú Kútọnu níbi tó ti fẹ́ lọ sí Jámánì. Ó ń polongo orílẹ̀-èdè Yorùbá. Àwọn DSS, ọlọ́pàá inú Nàìjíríà, ti ya wọ ilé rẹ̀ n'Íbàdàn ní ọjọ́ 1 oṣù náà. Nàìjíríà fẹ́ gbà á padà, àwọn agbẹjọ́rò rẹ̀ sì gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́ ní Kútọnu. Oṣù kẹta ọdún 2022 ni wọ́n tú u sílẹ̀ lẹ́wọ̀n kó lè tọ́jú ara rẹ̀, Bẹ̀nẹ̀ kò sì fà á lé Nàìjíríà lọ́wọ́.