Ẹ̀jẹ̀ Púpọ̀ Kọ́ Ni Ẹ̀mí Gígùn fún Akọni inú Gémù

Ní Kubwa tí mò ń gbé ní Àbújá, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta máa ń wá sílé mi lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kí a lè jọ ṣe gémù kékeré kan tí akọni inú rẹ̀ jẹ́ jagunjagun Yorùbá. Lọ́jọ́ tí a fẹ́ pinnu bí akọni náà yóò ṣe lágbára tó, èyí tó kéré jù nínú wọn ṣí ìwé rẹ̀, ó kọ "ẹ̀jẹ̀ 5000" sí i (ẹ̀jẹ̀ ni iye ẹ̀mí akọni inú gémù, tí ọgbẹ́ ń dín kù títí yóò fi tán tí akọni á sì kú), ó fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀, ó sì ní, "Ẹ̀gbọ́n, pẹ̀lú eléyìí, kò sẹ́ni tó lè pa á mọ́." Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí mi, nítorí pé ibi gbogbo tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń gbá gémù ni mo ti ń gbọ́ ọ. Wọ́n gbà pé akọni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá pọ̀ jù, tí ìhámọ́ra rẹ̀ sì nípọn jù, ni yóò pẹ́ jù lójú ìjà, àti pé ẹni tó ń yẹ ìkọlù sílẹ̀ kàn ń gba ọ̀nà mìíràn dé ibi kan náà ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Fífara gba ọgbẹ́ àti yíyẹ ọgbẹ́ sílẹ̀ jẹ́ agbára méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, irú ohun tó ń lépa ẹ̀mí akọni ló sì ń sọ èyí tó wúlò nínú méjèèjì.

Kò yẹ kí ìyàtọ̀ náà ṣòro fún Yorùbá láti rí, nítorí pé èdè wa ti pín in láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Òkígbẹ́ ni oògùn tí àwọn baba wa ń lò kí àdá má baà gé wọn: àdá náà yóò ba ara, ṣùgbọ́n kò ní wọlé. Àféèrí ń mú kí ojú ọ̀tá má rí ẹni, egbé sì ń gbé ẹni kúrò níbi tí ewu wà, débi pé àdá náà kò ní rí ara kankan bà rárá. Ayẹta ló wù mí jù nínú wọn, torí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni pé ọta ń ba ènìyàn tó sì ń jábọ́, bẹ́ẹ̀ yíyẹ ọta sílẹ̀ ni orúkọ náà ń sọ.

Irú àṣìmọ̀ bẹ́ẹ̀ wà nínú ìtàn gémù fúnra rẹ̀. Nínú Dungeons & Dragons, gémù orí tábìlì tó jáde ní 1974 láti ọwọ́ Gary Gygax àti Dave Arneson, tí ọ̀pọ̀ gémù orí kọ̀ǹpútà sì jogún ìṣirò rẹ̀, ìhámọ́ra tí akọni wọ̀ kì í dín ọgbẹ́ kù. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń mú kó ṣòro fún ọ̀tá láti rí i bà. Bí idà bá ti wọlé tán, ọgbẹ́ kan náà ni yóò dá sí ara ẹni tó wọ ẹ̀wù irin àti ẹni tó wọ aṣọ lásán. Irin ni ojú ń rí, ṣùgbọ́n yíyẹ̀ ni ìṣirò náà ń ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a wá fi akọni méjì wé ara wọn. Ẹ̀jẹ̀ 1000 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní, ọ̀tá wọn sì ń mú 100 kúrò nígbàkigbà tó bá kọlù wọ́n. Ìhámọ́ra ti àkọ́kọ́ ń gé gbogbo ọgbẹ́ sí ìdajì, nítorí náà 50 ló ń pàdánù lẹ́ẹ̀kan, yóò sì kú ní ìkọlù ogún gẹ́lẹ́. Èkejì kò ní ìhámọ́ra, ṣùgbọ́n ó ń yẹ ìdajì ìkọlù sílẹ̀: yálà kí ó pàdánù 100 tàbí kí ó má pàdánù ohunkóhun. Bí a bá ṣe ìdíwọ̀n rẹ̀ lórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìjà, òun náà yóò gba nǹkan bí ogún ìkọlù kó tó kú. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń dúró, tí wọ́n á ní ọ̀kan náà ni wọ́n.

Ẹ sọ ìkọlù náà di 600 kí ẹ wò ó. Oníhàámọ́ra ń pàdánù 300. Lẹ́yìn ìkọlù mẹ́ta, 100 yóò ṣẹ́kù fún un, èyí tó tẹ̀ lé e ni yóò pa á. Kò sí bí yóò ṣe kú ṣáájú ìkẹrin. Ìdíwọ̀n ti ayẹ̀kọlù náà jẹ́ mẹ́rin bákan náà, àmọ́ bí a bá jà á lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀kan nínú rẹ̀ ni yóò kú ní ìkọlù kejì péré, bí a bá sì kà á dé ìkọlù kẹta, ìdajì ìgbà ni yóò ti kú. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò yé àwọn ọmọ náà tó, ni mo bá mú dáìsì lúdò wá, mo ní kí wọ́n máa jù ú: bí nọ́ńbà tó bá yọ bá ṣe é pín sí méjì, akọni ti yẹ̀, bí kò bá ṣe é pín, ó ti jẹ ìyà. Lẹ́ẹ̀kíní, 3 yọ, 5 tẹ̀ lé e, akọni kú kí ẹnikẹ́ni tó jókòó dáadáa. Lẹ́ẹ̀kejì, ó yẹ ìkọlù mẹ́rin léra wọn, gbogbo wọn sì pariwo. Ẹni tó kọ 5000 yẹn gba dáìsì lọ́wọ́ mi, kò sì gbé e sílẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Bí oníwòsàn bá wà lẹ́yìn akọni, ìyàtọ̀ náà tún jinlẹ̀ sí i. Oníwòsàn tó ń dá 50 padà lẹ́yìn ìkọlù kọ̀ọ̀kan kò ní jẹ́ kí oníhàámọ́ra tó ń pàdánù 50 kú láéláé. Ní ti ayẹ̀kọlù, nígbà tó bá yẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì kún, ìwòsàn náà ṣòfò bí omi tí a dà sínú ìkòkò tó ti kún. Nígbà tí ìkọlù bá sì wọlé léra wọn, 50 yẹn kò lè bá a.

Ẹ̀rí tó hàn jù tí mo mọ̀ wà nínú World of Warcraft, gémù orí kọ̀ǹpútà tí ilé-iṣẹ́ Blizzard gbé jáde ní 2004. Nínú rẹ̀, ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ máa ń dúró níwájú ọ̀gá àwọn ọ̀tá láti gba ìkọlù, àwọn oníwòsàn á sì máa dá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ padà. Nígbà tí yóò fi di 2009, àwọn aṣíwájú wọ̀nyí ti kó ohun-èlò yíyẹ̀ jọ débi pé ìkọlù kì í sábà bà wọ́n. Bí ìkọlù kò bá wọlé lemọ́lemọ́, àfi kí àwọn tó ṣe gémù jẹ́ kí èyí tó bá wọlé le gan-an, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ tó kún dẹ́nu yóò gbẹ kí oníwòsàn tó na ọwọ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, nígbà tí wọ́n ṣí Icecrown Citadel, ibùdó ìjà tuntun kan nínú gémù náà, Blizzard gé ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún kúrò nínú agbára yíyẹ̀ gbogbo ẹni tó bá wọ ibẹ̀. Ìpinnu tó dára ni lójú tèmi, nítorí pé ó jẹ́ kí ikú akọni padà di ohun tí a lè rí kó tó dé.

Àṣìmọ̀ kan tún wà lára ti ìhámọ́ra. Nínú League of Legends, gémù orí kọ̀ǹpútà mìíràn, ìhámọ́ra 100 ń gé ọgbẹ́ sí ìdajì, 200 sì ń jẹ́ kó ku ìdá kan nínú mẹ́ta. Àwọn ènìyàn á wò ó, wọ́n á ní 100 kejì kò tó ti àkọ́kọ́, owó ti ṣòfò. Ẹ jọ̀wọ́, iye ìkọlù ni kí ẹ kà. Ẹni tí ìkọlù mẹ́wàá ń pa láìsí ìhámọ́ra, ogún ni yóò pa á pẹ̀lú 100, ọgbọ̀n pẹ̀lú 200: mẹ́wàá mẹ́wàá ló ń fi kún un. Yíyẹ̀ tí a ń ro pọ̀ lásán ló léwu, nítorí pé ẹni tó kúrò ní ìdá 90 bọ́ sí 95 nínú ọgọ́rùn-ún ti sọ ẹ̀mí rẹ̀ di ìlọ́po méjì: ìkọlù mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún tó ń bà á tẹ́lẹ̀ ti di márùn-ún.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ mi mẹ́ta náà jẹ́ Hausa, òun ló sì mú ọ̀rọ̀ Dambe wá, ìjà ẹ̀ṣẹ́ tí wọ́n ń jà ní Dei-Dei, tí kò jìnnà sí wa. Ọwọ́ kan ṣoṣo ni ajà-Dambe ń fi okùn àti aṣọ wé, òun ni ọ̀kọ̀ rẹ̀. Ọwọ́ kejì ṣí sílẹ̀ bí apata. Bí ọwọ́, orúnkún tàbí ara ẹnì kan bá ti kan ilẹ̀, wọ́n á ní wọ́n ti pa á, ipele náà parí. Ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ kò ràn án lọ́wọ́ níbẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ lè gba ọgọ́rùn-ún ẹ̀ṣẹ́ àti ẹni tó lè gba mẹ́ta, bí ọ̀kan ṣoṣo bá gbé orúnkún wọn kan ilẹ̀, ikú kan náà ni wọ́n kú.

Nítorí náà, a pa 5000 yẹn rẹ́, a sì sọ akọni kan ṣoṣo náà di mẹ́ta. Ẹni tó ní òkígbẹ́ ní ẹ̀jẹ̀ 1000, gbogbo irin tó bá bà á ń dín kù sí ìdajì, ṣùgbọ́n ọfà olóró ń kọjá lára rẹ̀ bí ẹni pé kò wọ nǹkan kan. Ẹni tó ní egbé ní 400, ó lè pòórá kúrò níwájú ìkọlù èyíkéyìí, kò sì lè tún un ṣe títí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́jọ yóò fi kọjá. Ẹ̀kẹta, tí ọmọ Hausa náà ń yà lọ́wọ́, ni ajà-Dambe. Ó ti ya ọwọ́ méjèèjì sínú ìwé, èyí tí a fi okùn wé ní apá ọ̀tún, èyí tó ṣí ní apá òsì, ó sì kọ "40" sábẹ́ ọwọ́ tó ṣí náà. A kò tíì fẹnu kò bóyá ìdá 40 nínú ọgbẹ́ ni ọwọ́ náà yóò máa gé kúrò, tàbí ìgbà 40 nínú ọgọ́rùn-ún ni yóò máa ti ìkọlù dà nù pátápátá.