Quarantine: ogójì ọjọ́ tí kì í pé ogójì mọ́

Nígbà tí àrùn kòrónà dé lọ́dún 2020, quarantine, isolation àti lockdown gba ẹnu àwọn oníròyìn kan. Ọ̀pọ̀ nínú wa kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, a ní ìsémọ́lé ni gbogbo wọn. Mi ò fara mọ́ ọn, torí ó ń mú kí á máa sá fún ẹni tí ara rẹ̀ le koko. Lockdown ni kónílé-ó-gbélé, tonílé tàlejò ló kàn. Isolation wà fún ẹni tí àyẹ̀wò ti fi hàn pé àrùn wà lára rẹ̀. Ẹni tó wà ní quarantine kò tíì ṣàìsàn. Ó kàn fara kan aláìsàn ni, tàbí kó ti ibi tí àrùn wà dé, wọ́n wá ní kó dá wà fún iye ọjọ́ kan kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ó ti kó o.

Iye ọjọ́ yẹn gan-an ló bí ọ̀rọ̀ náà. Quadraginta ni ogójì lédè Látìn. Àwọn ará Ítálì sọ ọ́ di quaranta, àwọn ará Venice, ìlú èbúté kan ní Ítálì, sì ń pe ogójì ọjọ́ ní quarantena. Ìdílé kan náà ni quaresima ti wá, orúkọ tí àwọn ará Ítálì ń pe àwẹ̀ Lẹ́ńtì.

Òwò ojú omi ló gbé e wọ inú ìṣègùn. Àjàkálẹ̀ àrùn tó bẹ̀rẹ̀ sí í jà ní Yúróòpù lọ́dún 1347 ń bá ọkọ̀ ojú omi rìn láti èbúté kan dé òmíràn, bẹ́ẹ̀ ìlú tó ń jẹun lórí òwò kò lè ti èbúté rẹ̀ pa. Lọ́dún 1377, ìlú Ragusa, tó ń jẹ́ Dubrovnik ní orílẹ̀-èdè Croatia lónìí, ṣòfin pé ẹni tó bá ti ibi tí àrùn wà bọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lo ọgbọ̀n ọjọ́ lẹ́yìn ìlú, ní Cavtat tàbí ní erékùṣù Mrkan. Nígbà tó yá ni ọgbọ̀n di ogójì. Tí wọ́n bá ń wá ìdí rẹ̀, àwọn òpìtàn máa ń tọ́ka sí ààwẹ̀ Jésù àti ìkún omi ìgbà Nóà, tí wọ́n gba ogójì ọjọ́ pẹ̀lú.

Venice ló fi ìyàtọ̀ tí mo ń sọ hàn kedere jù. Lọ́dún 1423, wọ́n ya erékùṣù kan sọ́tọ̀ fún àwọn tí àrùn ti mú: Lazzaretto Vecchio nìyẹn. Lọ́dún 1468, wọ́n ya òmíràn sọ́tọ̀, Lazzaretto Nuovo, fún àwọn arìnrìn-àjò àti ọjà tí wọ́n kàn fura sí. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń sá ẹrù sí afẹ́fẹ́, tí wọ́n sì ń fi èéfín ewé fín in. Wọn kì í kó aláìsàn àti ẹni tí wọ́n fura sí pọ̀ síbì kan.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ní quarantine kan tẹ́lẹ̀ nínú òfin: ogójì ọjọ́ tí opó lẹ́tọ̀ọ́ láti fi gbé ilé ọkọ rẹ̀ tó kú, kí wọ́n tó pín ogún fún un. Ti àrùn ló wá borí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1663, Samuel Pepys, òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kan, kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ rẹ̀ pé wọ́n ní kí àwọn ọkọ̀ kan ṣe quarantine ọgbọ̀n ọjọ́. Ó ṣàkíyèsí pé èyí tako ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà, àmọ́ pé ohun tí wọ́n ń ṣe ni gbogbo ayé ń fi pè báyìí, kì í ṣe iye ọjọ́ rẹ̀.

Lónìí, irúgbìn àti ẹran tó ń wọ̀lú náà ń ṣe quarantine, kódà fáìlì tí kọ̀ǹpútà fura sí. Iye ọjọ́ èèyàn sì wá dá lórí bí kòkòrò àrùn ṣe lè fara pa mọ́ pẹ́ tó kí àìsàn tó yọjú: 14 fún kòrónà ìgbà yẹn, 21 fún Ẹ̀bólà.

Nígbà tí Ẹ̀bólà wọ Èkó ní oṣù keje ọdún 2014, èèyàn tó sún mọ́ 900 ni àwọn elétò ìlera ń ṣọ́ fún ọjọ́ 21, tí wọ́n ń wo bí ara wọn ṣe gbóná tó. Gbogbo ẹni tí àrùn náà mú ní Nàìjíríà, pẹ̀lú ẹni tó gbé e wọlé, kò ju 20 lọ. Àwọn yòókù parí ọjọ́ wọn láìṣàìsàn.