Òkúta tó ń ṣe bíi yanrìn: kí ló ṣẹlẹ̀ lórí Bennu?

Ìbéèrè: Wọ́n ní yanrìn ni NASA, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òfurufú ní Amẹ́ríkà, retí lórí Bennu, àmọ́ òkúta ni wọ́n bá níbẹ̀. Kí tiẹ̀ ni Bennu?

Òkúta ńlá kan ni, tó ń yí oòrùn po bí ayé wa ṣe ń yí i po. Ọdún 1999 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i. Fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 490 mítà, ó sì dúdú bí èédú. Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016 ni wọ́n rán ọkọ̀ òfurufú OSIRIS-REx sí i láti lọ bu díẹ̀ lára rẹ̀ wá sí ayé, ó débẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 2018. Ilẹ̀ tó tẹ́jú bí etí òkun ni wọ́n ń retí. Òkúta lórí òkúta ni kámẹ́rà fi hàn wọ́n, àwọn míì tóbi ju ilé lọ.

Ìbéèrè: Kí ló wá mú wọn rò pé yanrìn ni?

Ooru ni. Nínú awò awọ̀nàjíjìn láti ayé níbí, Bennu kò ju ìmọ́lẹ̀ tíńtín kan lọ, kò sẹ́ni tó lè fi í rí òkúta orí rẹ̀. Àmọ́ lọ́dún 2007, Spitzer, awò awọ̀nàjíjìn tó wà lójú òfurufú, wo ooru tó ń jáde lára rẹ̀.

Yanrìn tètè ń gbóná, ó sì tètè ń tutù. Àpáta kò rí bẹ́ẹ̀. Jókòó sórí àpáta lẹ́yìn tí oòrùn bá ti wọ̀, wàá rí i pé ooru ọ̀sán ṣì wà lára rẹ̀. Ki ẹsẹ̀ bọ yanrìn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ti ń tutù. Wákàtí mẹ́rin ó lé díẹ̀ ni Bennu fi ń pòyì lẹ́ẹ̀kan, ooru rẹ̀ sì tètè ń lọ bí ibì kan bá ti bọ́ sínú òkùnkùn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní yanrìn ni.

Ìbéèrè: Bó bá jẹ́ òkúta, kí ló dé tí ooru rẹ̀ tètè ń lọ?

Ibí ló wú mi lórí jù. Inú ọ̀pọ̀ òkúta Bennu kún fún ihò wẹ́wẹ́ bíi búrẹ́dì. Ihò kì í jẹ́ kí ooru wọlé jìnnà, ojú òkúta nìkan ló ń gbóná. Tí oòrùn bá kúrò, ìwọ̀nba ooru tó wà lójú rẹ̀ náà lọ kíá. Ohun tí Spitzer rí kò ṣì. Èrò pé gbogbo òkúta ló le koránkorán bíi tiwa ni kò tọ̀nà. Àwọn òkúta orí Ryugu, òkúta ńlá míì bíi Bennu tí ọkọ̀ Hayabusa2 ti Japan lọ wò lọ́dún 2018, náà kún fún ihò bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè: Ṣé wọ́n wá rí nǹkan bù lára rẹ̀?

Wọ́n rí i bù, ṣùgbọ́n Bennu tún yà wọ́n lẹ́nu. Wọ́n fi kámẹ́rà àti lésà yẹ ojú ilẹ̀ rẹ̀ wò fínnífínní, wọ́n sì yan ibi kékeré kan tí wọ́n pè ní Nightingale. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá ọdún 2020, ọkọ̀ náà na apá rẹ̀ sílẹ̀. Ìròyìn láti ibẹ̀ ń gbà tó ìṣẹ́jú 18 kó tó dé ayé, nítorí náà ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń fi àwòrán tí wọ́n ti kó sínú rẹ̀ wé ohun tó ń rí, kó má baà forí sọ òkúta.

Bí apá yẹn ṣe kan ilẹ̀, ńṣe ló rì wọlé ní nǹkan bí ìdajì mítà. Agbára tó ń fa nǹkan sílẹ̀ kò tó nǹkan lórí Bennu, àwọn òkúta náà kò sì fi bẹ́ẹ̀ di ara wọn mú. Bí kì í bá ṣe pé ẹ́ńjìnnì kékeré ọkọ̀ náà tètè gbé e kúrò, ì bá máa rì lọ. Kòtò tó ṣẹ́ kù síbẹ̀ fẹ̀ tó mítà 8. Òkúta tiẹ̀ há sẹ́nu ìdérí ohun tí wọ́n fi bù ú, díẹ̀ sì ń dà nù. Àpótí tí wọ́n kó ohun tí wọ́n bù sí balẹ̀ sí aṣálẹ̀ Utah ní Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, gíráàmù 121.6 ló wà níbẹ̀, ìlọ́po méjì ohun tí wọ́n ń lé.

Ìbéèrè: Kí ló kan àwa nínú rírì tó rì?

Ọjọ́ 24 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2182 ni ọjọ́ tó ṣeé ṣe jù pé kí Bennu kọlu ayé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìṣeéṣe rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan péré nínú nǹkan bí 2,700. Ẹni tó bá fẹ́ tì í kúrò lọ́nà gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá àpáta ló fẹ́ tì, àbí òkìtì òkúta tí kò di ara wọn mú, nítorí ohun tí wọ́n bá fi lu òkìtì lè wọnú rẹ̀ lọ bí apá ọkọ̀ yẹn ṣe rì.