Ẹ Má Tíì Kó Páànù Tí Ìjì Ṣí Dànù

Lọ́pọ̀ ìgbà tí ìjì tó ń ṣáájú òjò àkọ́rọ̀ bá ti jà ní Àbújá, àgbàlá tí wọ́n ti gbá mọ́ tónítóní ni mo máa ń bá nílé àwọn tó bá ránṣẹ́ pè mí. Wọ́n á ti kó páànù jọ síbì kan, wọ́n á ti ṣa igi jọ síbòmíràn, káfíńtà á sì ti wà lókè tí yóò máa kan ìṣó. Mo mọ̀ pé kò sí ẹni tó fẹ́ kí òjò mìíràn bá òun nínú ilé tí kò lórùlé, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n gbá dànù yẹn gan-an ni ẹlẹ́rìí tó lè sọ ibi tí ilé ti kùnà.

Ọ̀pọ̀ wa máa ń pe ìjì yòówù tó bá ṣí òrùlé ní ààjà. Ààjà gidi, èyí tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ ń yí bìrí láti inú ìkùukùu òjò títí dé ilẹ̀, ṣọ̀wọ́n láàárín ìlú ńlá, síbẹ̀ ó lè dé. Ní ọjọ́ 11, oṣù kẹjọ, ọdún 1999, ọ̀kan jà láàárín ìlú Salt Lake City ní Amẹ́ríkà, ìlú tó wà lẹ́sẹ̀ òkè ńláńlá. Ẹnì kan kú, àwọn tó fara pa lé ní 80, ó sì ba òrùlé gbọ̀ngàn eré ìdárayá Delta Center jẹ́. Mo mẹ́nu bà á nítorí àwọn kan ní Àbújá gbà pé àpáta tó yí wa ká ni ààbò wa.

Èyí tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ tiwa yàtọ̀. Bí òjò bá ń gba inú afẹ́fẹ́ gbígbẹ bọ̀, afẹ́fẹ́ náà á tutù, á wúwo, á já lulẹ̀, á sì fọ́n ká bí omi tí a dà sórí sìmẹ́ǹtì. Láti ìlà-oòrùn ló ti sábà máa ń wá. Tetsuya Fujita, onímọ̀ tó gbé òṣùwọ̀n agbára ààjà jáde lọ́dún 1971, fi hàn pé a lè fi ohun tó wó lulẹ̀ dá ìjì mọ̀: ààjà máa ń la ọ̀nà tóóró, á sì ju nǹkan síhìn-ín sọ́hùn-ún, ìjì tó já lulẹ̀ máa ń da igi dé síhà kan náà, tàbí kó fọ́n wọn síta láti ojú kan.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ wo ìhà tí páànù àti igi dà sí. Lẹ́yìn èyí, ẹ yí páànù kan dà, kí ẹ wo ihò ìṣó rẹ̀. Bí ihò náà bá ti ya fẹ̀, tí páànù sì dá lọ, ìṣó ló kéré tàbí tó jìnnà síra. Bó bá gbé igi lọ pẹ̀lú ara rẹ̀ ńkọ́? Nílé kan ní Kubwa, ìṣó mẹ́jọ ṣì di páànù mọ́ igi ṣinṣin, ṣùgbọ́n wáyà méjì tó ti dípẹtà, tó sì ti já, ni gbogbo ohun tó so igi náà mọ́ ògiri. Onílé ti ra páànù tó nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Páànù kọ́ ló ṣẹ̀.

Afẹ́fẹ́ tó ń kọjá lókè máa ń fa òrùlé sókè, èyí tó bá sì gba fèrèsé wọlé á máa tì í láti ìsàlẹ̀. Nítorí náà, irọ́ ni pé kí a ṣí fèrèsé sílẹ̀ kí ìjì lè rọ́nà kọjá. Ẹ tì í pa. Igi kọ̀ọ̀kan tó bá gun orí ògiri sì gbọ́dọ̀ ní irin tí a rì mọ́ kọnkéré, tí a tẹ̀ lé igi náà lórí, tí a sì dè é pa.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ wò ó bóyá wáyà iná ti já sórí páànù. Ẹ má sùn sábẹ́ ògiri gíga tí òrùlé ti kúrò lórí rẹ̀, nítorí òrùlé wà lára ohun tó ń dì í mú. Ẹ ya fọ́tò gbogbo rẹ̀ bó ṣe wà, pàápàá bí ẹ bá ní adójútòfò. Nígbà tí káfíńtà bá sì dé, igi tó gun orí ògiri yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ fi hàn án, kí ó sọ ohun tí yóò fi so ó mọ́ ògiri fún yín, kí ẹ tó jọ sọ̀rọ̀ iye páànù.