Bí Ilẹ̀ àti Ewéko Ṣe Ń Dẹ̀rọ̀ Àgbàrá Òjò ní Ìbàdàn

Òrùlé kan tó gùn ní mítà 10, tó sì fẹ̀ ní mítà 10, ni ká fi ṣe àpẹẹrẹ. Bí òjò tó rọ̀ sórí rẹ̀ bá tó mìlímítà 50, omi tí pánù ọ̀hún yóò dà sílẹ̀ tó lítà 5,000, ìyẹn dúrọ́ọ̀mù ńlá 25. Ní agbègbè Ọjà'ba tàbí Màpó, níbi tí ilé ti fara kan ilé, tí wọ́n sì ti fi sìmẹ́ńtì bo ìwọ̀nba àgbàlá tó kù, omi yẹn kò rí ilẹ̀ wọ̀. Àgbàrá ni yóò dà, yóò sì tẹ̀ lé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè lọ sínú odò Ògùnpa tàbí Kúdẹtì.

Bí àgbàrá ẹgbẹẹgbẹ̀rún òrùlé bá jọ dé odò lẹ́ẹ̀kan náà, omíyalé dé nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ló rí ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, nígbà tí Ògùnpa ya wọ ìlú, tó sì gbẹ̀mí ọ̀pọ̀ ènìyàn, àti ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, nígbà tí afárá já káàkiri. Kọnkéré tí wọ́n fi tẹ́ ojú ọ̀nà odò Ògùnpa ń jẹ́ kí omi tètè kọjá, ṣùgbọ́n àwọn tó ń gbé nísàlẹ̀ odò ni eré omi náà ń bá. Iṣẹ́ ilẹ̀ àti ewéko ni láti dá omi dúró díẹ̀ kó tó dé gọ́tà, kí ilẹ̀ mu apá kan, kí èyí tó kù sì máa lọ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ọgbà amumi, bí a bá lè pè é bẹ́ẹ̀, ló rọrùn jù fún onílé. Kòtò fífẹ̀ tí kò jìn ju sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20 lọ ni, tí a gbẹ́ síbi tí omi òrùlé ń dà sí, ó kéré tán mítà 3 sí ìpìlẹ̀ ilé, tó sì jìnnà sí sàláńgá. Nítorí pé amọ̀ pupa ló pọ̀ lábẹ́ ilẹ̀ Ìbàdàn, omi kì í tètè wọ̀ ọ́. A ní láti tú u, kí a po iyanrìn àti ewé jíjẹrà mọ́ ọn. Ìdò àti kókò, tí omi kò bà lẹ́rù, dára fún àárín rẹ̀, nítorí gbòǹgbò wọn ń la ọ̀nà fún omi. Kí a tó gbìn wọ́n, kí a da omi kún ihò kékeré kan níbẹ̀: bí kò bá gbẹ lẹ́yìn ọjọ́ méjì, kí a wá ibòmíràn. Ẹyin ẹ̀fọn ń lò tó ọ̀sẹ̀ kan kó tó di ohun tó ń fò, nítorí náà ọgbà tó ń gbẹ bó ṣe yẹ kò lè bí ẹ̀fọn.

Íńtálọ́ọ̀kì pẹ̀lú lè mu omi, bí wọ́n bá tò ó sórí òkúta wẹ́wẹ́, tí wọ́n fi àlàfo sílẹ̀ láàárín. Èyí tí àwọn kan kọ́kọ́ da kọnkéré sábẹ́ rẹ̀ kò yàtọ̀ sí sìmẹ́ńtì lásán, àfi ẹwà.

Ṣùgbọ́n akùrọ̀ ló lágbára jù lọ. Etí odò tí wọ́n ti ń gbin ẹ̀fọ́ àti ìrèké nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni omi máa ń tẹ́ sí nígbà òjò, tí yóò sinmi kó tó máa bọ́ lọ. Ẹni tó bá fi yẹ̀pẹ̀ dí i kọ́lé ti gba ibùsùn omi, omi náà yóò sì wá ibùsùn mìíràn nínú yàrá ẹlòmíràn. Àkúnya 1980 ba ọgbà ìgbafẹ́ Agodi jẹ́ gan-an. Síbẹ̀, ó sàn kí omi kún ọgbà ju kó kún ilé lọ.

Òjò bíi ti 2011 ju agbára ọgbà lọ, pàápàá nígbà tí ilẹ̀ bá ti mu omi yó, nítorí náà gọ́tà àti kọnkéré kò ṣeé pa tì. Ọ̀rá àti ike pẹ̀lú máa ń dí ẹnu ọgbà amumi bí wọ́n ṣe ń dí gọ́tà. Kí òjò oṣù Kẹta tó bẹ̀rẹ̀ ló yẹ kí a ti kó wọn kúrò, kí a sì tú ojú ilẹ̀ tó ti dì.