Adúmáadán: Ìpilẹ̀ṣẹ̀ Iṣẹ́ Mímú Mọ́tò Dúdú Dán

Kí mọ́tò tó dáyé ni iṣẹ́ yìí ti wà. Àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ tí ẹṣin ń fà fún àwọn ọlọ́lá ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ló ni ín. Bí káfíńtà bá ti parí tirẹ̀, ọwọ́ ọlọ́dà ni ọkọ̀ náà ń bọ́ sí, kò sì ní kúrò níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ọlọ́dà á kùn ún lẹ́ẹ̀kan, á dúró kó gbẹ, á fi òkúta pumice àti omi ha á títí ojú rẹ̀ á fi tẹ́jú, kó tó tún kun òmíràn lé e. Inú òkè tó ń yọ iná ni pumice ti ń wá, ó sì fúyẹ́ débi pé ó ń léfòó lórí omi. Tó bá kù díẹ̀ kó parí, á wá fi rottenstone, ìyẹ̀fun òkúta tó kúnná jù bẹ́ẹ̀ lọ, rọra ra á. Fáníìṣì ló máa ń kẹ́yìn, nínú yàrá tí wọ́n ti wọ́n omi sílẹ̀ kí eruku má baà gbéra.

Epo linseed, tí wọ́n ń fún lára èso ewéko flax, wà nínú fáníìṣì ayé ìgbà náà, ó sì máa ń pọ́n tó bá pẹ́. Lára àwọ̀ funfun tàbí búlúù, kíá ni ojú á rí i. Lára dúdú, ta ni yóò mọ̀? Lójú tèmi, ìyẹn wà lára ohun tó sọ dúdú di àwọ̀ ọkọ̀ iyì.

Dúdú tó ń dán yìí pàápàá, Yúróòpù kọ́ ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Láti ìgbà láéláé ni àwọn ará Ṣáínà àti Japan ti ń kọ igi urushi lára, tí wọ́n ń fi oje rẹ̀ kun abọ́ àti àpótí títí tí yóò fi ṣeé wojú nínú. Nígbà tí irú àpótí bẹ́ẹ̀ dé Yúróòpù, tí igi náà kò sí lọ́dọ̀ wọn, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá nǹkan tí wọ́n lè fi ṣe àfarawé rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni ọ̀dà dúdú tí wọ́n ń pè ní japan black ti jáde, èyí tí wọ́n ń fi asphalt pò, irú ohun dúdú tí wọ́n ń dà sójú títì.

Òun ni Henry Ford, ará Amẹ́ríkà tó ń ṣe mọ́tò, mú. Gbogbo ayé ló mọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń dá a lápàárá, pé oníbàárà lè mú àwọ̀ tó bá wù ú, kó ṣáà ti jẹ́ dúdú. Àmọ́ nígbà tí mọ́tò rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Model T jáde ní 1908, àwọ̀ eérú, pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù wà níbẹ̀. Láti 1914 títí di 1925 nìkan ni dúdú fi gba gbogbo ilé. Kì í ṣe torí ẹwà. Ọ̀dà náà kò wọ́n, ó lágbára, wọ́n sì lè kó àwọn ẹ̀yà ara mọ́tò sínú ààrò kí ó yára gbẹ. Dúdú tó ti jẹ́ ti ọlọ́lá wá di ti mẹ̀kúnnù, pẹ̀lú pumice àti gbogbo ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ń fi ha á ní gbígbé sọnù. Ford kò ní àyè fún ẹni tó ń fi ọwọ́ ra mọ́tò.

Ẹ̀tù ìbọn ló dá iṣẹ́ náà padà. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, ilé-iṣẹ́ DuPont, tó ti ń ṣe ẹ̀tù tipẹ́, fi nitrocellulose, ohun tó wà nínú ẹ̀tù náà, ṣe ọ̀dà kan tí wọ́n pè ní Duco. Ní 1923 ni wọ́n gbé e jáde, General Motors sì fi kun mọ́tò Oakland ti 1924. Ohun tó ń gba ọ̀sẹ̀ wá ń gba wákàtí. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ṣe fọ́n ọn sára mọ́tò, kì í dán. Wọ́n ní láti fi kọ́ḿpáùn, ìpara tó ń ha ojú ọ̀dà díẹ̀díẹ̀, ra á kí ó tó dán. Sáńpépà tó ṣeé lò nínú omi, tí Francis Okie ṣe, tí 3M sì gbé jáde ní 1921, ti wà nílẹ̀ dè é. Oòrùn sì tún máa ń jẹ Duco, tí dúdú á wá di eérú-eérú. Ẹni tó ni mọ́tò ló kù tó máa jókòó tì í. Báyìí ni iṣẹ́ tí ilé-iṣẹ́ lé jáde lẹ́nu ọ̀nà ṣe gba ẹ̀yìnkùlé wọlé sọ́dọ̀ oníbàárà.

Àwọn oníṣòwò tètè rí i. Frank Meguiar ti ń ṣe pọ́líìṣì àga àti tábìlì nínú gáréèjì rẹ̀ ní Indiana láti 1901. Nígbà tó yá, mọ́tò gba gbogbo iṣẹ́ náà. Simoniz, ilé-iṣẹ́ pọ́líìṣì mọ́tò, bẹ̀rẹ̀ ní Chicago ní 1910. Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti Benjamin Hirsch, tó ń po pọ́líìṣì nínú ọpọ́n ìwẹ̀ ilé rẹ̀ ní Chicago lọ́dún 1941. Wọ́n ní ó máa ń lọ síbi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí nítòsí pápá baseball Wrigley Field, á nu ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo lára mọ́tò onímọ́tò, á dúró títí olówó á fi dé. Ta ló fẹ́ fi mọ́tò tó dán lápá kan wakọ̀ lọ sílé? Pọ́líìṣì yẹn ló di Turtle Wax.

Ìda tó níyì jù nínú irú pọ́líìṣì wọ̀nyí, ewé ọ̀pẹ carnauba ló ti ń wá, ní àríwá ìlà-oòrùn Brazil, pàápàá Ceará àti Piauí. Wọ́n ń gé ewé náà, wọ́n ń sá a sóòrùn, wọ́n á wá lù ú kí ìyẹ̀fun ìda ara rẹ̀ lè bọ́. Ó le, kì í sì í yọ́ àfi tí ooru bá kọjá ọgọ́rin lórí òṣùwọ̀n Celsius, ìdí nìyẹn tó fi ń dúró lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì inú oòrùn.

Àṣà fífi ọkọ̀ ṣe fáàrí níwájú adájọ́ tún dàgbà ju mọ́tò lọ, torí àwọn ọlọ́lá Paris ti ń fi ọkọ̀ ẹṣin yan kiri nínú ọgbà. Ìdíje ẹwà mọ́tò ti Villa d'Este ní Ítálì bẹ̀rẹ̀ ní 1929, ti Pebble Beach ní California ní 1950. Mọ́tò tuntun ló kọ́kọ́ ń gba ipò kìíní ní Pebble Beach. Ní 1955 ni Phil Hill, tó padà di ọ̀gá àwọn awakọ̀ Formula 1 ní 1961, fi mọ́tò àtijọ́ kan, Pierce-Arrow ti 1931, gba á. Láti ìgbà náà ni àtúnṣe mọ́tò àtijọ́ ti di iṣẹ́ ńlá. Ralph Lauren gba ipò kan náà lẹ́ẹ̀mejì, pẹ̀lú Bugatti Atlantic ní 1990 àti Mercedes SSK ní 1993. Dúdú ni méjèèjì.

Kò yà mí lẹ́nu, torí ara dúdú ni ẹ̀rí iṣẹ́ ti ń hàn. Àwọ̀ funfun máa ń fọ́n ìmọ́lẹ̀ ká, ó sì ń bo àléébù mọ́lẹ̀. Dúdú ń gbé ìmọ́lẹ̀ tó wọ inú rẹ̀ mì. Kìkì èyí tó bá ojú ọ̀dà pàdé ló ń padà wá bá wa, ìlà tó bá sì wà lójú náà ń bá a bọ̀. Ìdí rèé tí ẹ fi ń rí ohun tó dà bí òwú aláǹtakùn yí àwòrán oòrùn ká lára jíìpù dúdú. Àwọn ìlà náà kò rí roboto. Ibi gbogbo ni wọ́n dorí kọ, àwọn tó dábùú ọ̀nà ìmọ́lẹ̀ nìkan ló ń tàn. Aṣọ kan náà tí wọ́n fi nu gbogbo mọ́tò tó wọ kàá-wọ́ọ̀ṣì láàárọ̀ ló sábà ń fà á.

Lónìí, abẹ́ ìpele kan tó mọ́ gaara ni dúdú fúnra rẹ̀ wà. Clear coat ni wọ́n ń pè é, àwọn ọdún 1980 ló sì gbilẹ̀. Kì í ṣú kíá bíi Duco, ṣùgbọ́n ó tín-ín-rín ju irun orí lọ, gbogbo pọ́líìṣì tó bá sì gé ìlà kúrò ń mú díẹ̀ lọ nínú rẹ̀. Japan tún dá sí i: Tadao Kodate ló ṣe irú amọ̀ kan tí wọ́n ń fi omi fà lára mọ́tò láti mú ìdọ̀tí tó lẹ̀ mọ́ ọ̀dà kúrò, ó sì gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1995. Lẹ́yìn amọ̀ ni ẹ̀rọ tó ń yí, tí wọ́n fi ń ra pọ́líìṣì sójú ọ̀dà. Àwọn tó mọ iṣẹ́ kì í tan ẹ̀rọ náà láìfi òṣùwọ̀n wọn bí ọ̀dà ṣe nípọn tó níbi gbogbo. Níbi tó bá ti fẹ́lẹ́ jù, wọ́n á fi ìlà náà sílẹ̀ síbi tó wà, wọ́n á fi ìda dí i.